Ibi Àlùwàlá Tí A Fi Ọwọ́ Ara Wa Ṣe Fún Ìyá

Ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́ àti ti ẹ̀sìn ni ìwé wa yìí sábà máa ń gbé jáde lọ́dọọdún. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbà mí láyè kí n mú ọ̀rọ̀ sìmẹ́ǹtì, iyanrìn àti ṣọ́bìrì wá lọ́tẹ̀ yìí, nítorí ó kan àlùwàlá, ó sì kan àwọn àgbà tí ń bẹ nínú ilé wa.

Ìyá wa ti lé ní 70 ọdún, eékún sì ń dùn wọ́n. Ẹ̀yìnkùlé ilé wa ní Ìwó ni wọ́n ti máa ń ṣe àlùwàlá, lórí àpótí kékeré tí a gbé kalẹ̀ sórí yẹ̀pẹ̀. Nígbà òjò, ibẹ̀ a máa yọ̀ bí ọbẹ̀ ilá. Ní Àsùbáà ọjọ́ kan, ẹsẹ̀ wọn yọ̀, wọ́n sì fi ìdí ṣánlẹ̀. Ọlọ́hun ṣàánú wa, eegun kankan kò ṣẹ́. Láti ọjọ́ náà ni a ti ní kí ọmọ kan máa bu omi fún wọn. Ẹni tó bá rò pé ìyẹn ti tó kò mọ Ìyá wa. Wọ́n ní, "Ṣé èmi náà ti wá di ọmọ ọwọ́ ni?" Kò pẹ́ tí a fi ṣàkíyèsí pé wọn kì í fẹ́ mu omi lọ́sàn-án mọ́. Wọ́n ń fi òùngbẹ pa ara wọn, kí àlùwàlá Àìlá lè gbé wọn dé Ìṣáì, kí wọ́n má baà tún pe ẹnikẹ́ni. Èyí ni ó bà mí lẹ́rù ju ìṣubú yẹn lọ.

Owó tí bíríkìlà tí a pè dá lé wa ju agbára wa lọ. Àbúrò mi ọkùnrin ní kí a ní sùúrù títí owó yóò fi dé, pé kí aráyé má baà sọ pé a kò lè san owó iṣẹ́ nítorí ìyá wa. Èmi kò rí ìtìjú kankan níbẹ̀. Ànọ́bì Muhammad (S.A.W.) bá àwọn sàhábà rẹ̀ ru bíríkì amọ̀ nígbà tí wọ́n ń kọ́ mọ́sálásí Mẹ̀dínà lẹ́yìn Híjírà ọdún 622. Ìtí igi dàbínù ni òpó rẹ̀, imọ̀ rẹ̀ ni wọ́n sì fi bo orí rẹ̀. A ń ka ìtàn yìí fún àwọn ọmọ ní kíláàsì, kí ló wá dé tí ọwọ́ tiwa kò fi lè kan sìmẹ́ǹtì?

Ihò tí omi yóò máa ṣàn sí ni a kọ́kọ́ gbẹ́. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni í fi ihò ṣe ìgbẹ̀yìn, ibẹ̀ sì ni ìjà aládùúgbò ti ń bẹ̀rẹ̀. Omi àlùwàlá ìgbà 5 lójúmọ́ kì í ṣe omi kékeré. Bó bá ń ṣàn sí ìdí ògiri alámọ̀, yóò jẹ ẹ́ wọnú díẹ̀díẹ̀. Bó bá dúró sójú kan, ẹ̀fọn ni yóò fi í ṣe ilé. A gbẹ́ ihò náà ní ẹsẹ̀ bàtà 3 ní fífẹ̀ àti 4 ní jíjìn, sí ibi tí ilẹ̀ ti dagun, ó sì jìnnà sí ìpìlẹ̀ ilé àti sí kànga tó wà níwájú ilé. Ní ìrọ̀lẹ́ a da omi kún un láti mọ̀ bóyá ilẹ̀ náà ń mumi. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, omi ti lọ tán. Ilẹ̀ tó bá jẹ́ kìkì amọ̀ kò ní mu ún bẹ́ẹ̀, ẹ má ṣe gbẹ́ irú ihò yìí síbẹ̀. Àwọn ọmọ kó òkúta àti àfọ́kù búlọ́ọ̀kù kún un, a sì gbin ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

Pèpéle náà jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 5 sí 4, ó nípọn ní ínṣì 4. Garawa sìmẹ́ǹtì 1, iyanrìn 2, òkúta wẹ́wẹ́ 4 ni a pò pọ̀. Àpò sìmẹ́ǹtì 2 tó gbogbo iṣẹ́ náà. Ẹ má ṣe bu omi jù sí i. Kọnkéré tó bá ń ṣàn bí ẹ̀kọ rọrùn láti tẹ́, ṣùgbọ́n kì í lágbára. Ẹ sì fi ọ̀rá wé ọwọ́ àwọn ọmọ, nítorí sìmẹ́ǹtì tútù a máa jẹ awọ ara.

Rọ́bà funfun gaara tí a bu omi sí nínú ni a fi wọn ilẹ̀, nítorí bí a bá gbé ẹnu rẹ̀ méjèèjì sókè, ojú omi méjèèjì yóò dọ́gba. Ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún 13, ló di ẹnu kan mú, ojú rẹ̀ sì ríran ju tèmi lọ. Lẹ́yìn náà ni a mú kí ìhà tó kọjú sí ihò rẹlẹ̀ ní ínṣì 1.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ fetí sí jù nìyí: ẹ má ṣe dán ojú rẹ̀ bíi ti pálọ̀. Kí ó tó le, a fi ìgbálẹ̀ fà á lójú kí ó má baà jọ̀lọ̀, kí ẹsẹ̀ tútù lè rí ibi dúró. A fi àpò ìrẹsì bò ó fún ọjọ́ 7, a sì ń wọ́n omi sí i láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Àwọn kan rò pé gbígbẹ ni sìmẹ́ǹtì fi ń le. Kò rí bẹ́ẹ̀, omi ni ó ń bá a ṣiṣẹ́ tí ó fi ń le. Bí oòrùn bá tètè fa omi náà, yóò sán.

Búlọ́ọ̀kù oní-ínṣì 9 mẹ́rin, méjì lórí méjì, ni a fi ṣe ìjókòó, ó sì ga ní ínṣì 18. Àbúrò mi tó ń tijú ló gbé wọn jọ. A ti ri páìpù irin kan mọ́ ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀ nígbà tí kọnkéré ṣì tutù, kí Ìyá lè dì í mú dìde. Kẹ́ẹ̀gì lítà 25 tó ní ẹ̀rọ lẹ́nu ni a gbé síwájú rẹ̀. Hadisi sọ fún wa pé mudu kan ni Ànọ́bì fi ń ṣe àlùwàlá, ìyẹn ẹ̀kún àtẹ́lẹwọ́ méjì (kì í ṣe mudu ìrẹsì ọjà wa o!). Èmi kò tíì dé ibẹ̀, ṣùgbọ́n omi tí à ń lò ti dín kù.

Ní ọjọ́ kẹjọ, Ìyá lé gbogbo wa wọlé, wọ́n lọ dá àlùwàlá wọn ṣe. Nígbà tí wọ́n padà dé, wọ́n ní ẹnu ẹ̀rọ náà le jù láti yí. A ti bá wọn rọ̀ ọ́. Wọ́n sì ti ń mu omi lọ́sàn-án. Òrùlé ló kù. Aládùúgbò wa kan ti fún wa ní páànù àlòkù 3, bí Ọlọ́hun bá fẹ́, a ó gbé e sókè kí òjò tó bẹ̀rẹ̀.