Nípa Báàjì tí A Ń So Mọ́ Àyà

Ohun tí mo fẹ́ kọ̀wé lé lórí kò fẹ̀ ju ìdérí ìgò lọ. Báàjì ni: páànù róbótó kékeré tí ó ní abẹ́rẹ́ ní ẹ̀yìn, tí a tẹ àwòrán tàbí ọ̀rọ̀ díẹ̀ sí ojú rẹ̀, tí ènìyàn sì so mọ́ àyà ẹ̀wù rẹ̀ kí ẹni tí ó bá pàdé rẹ̀ lè mọ ibi tí ó dúró sí nínú ọ̀ràn kan. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ka ìtàn rẹ̀ níbikíbi tí mo bá ti rí i, ìbéèrè kan ṣoṣo ni ó sì ń bá mi rìn nínú ìtàn náà: kí ni ó ná ẹni tí ó so ó? Owó tí a fi ń rà á kéré púpọ̀, ọ̀fẹ́ ni a sì ń pín in ní ìgbà ìbò. Mo rí ọkùnrin kan ní ìlú wa ní irú àkókò bẹ́ẹ̀ tí ó so ti ẹgbẹ́ kan mọ́ àyà, tí ti ẹgbẹ́ kejì sì wà nínú àpò rẹ̀, tí ó ń wo ẹni tí yóò kọ́kọ́ pín ìrẹsì.

Àwọn baba wa kò ṣe aláìmọ irú nǹkan báyìí. Ẹni tí ó bá fi owó ẹyọ mẹ́fà ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn kò kọ ìwé kankan, ṣùgbọ́n ẹni tí ó gbà á mọ̀ pé ẹ̀fà ni, àti pé ọkàn ẹni náà ń fà sí òun. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ẹni méjì ni àrokò. Ọ̀rọ̀ ojú ọjà ni báàjì.

Èyí tí ó kan ìran wa jùlọ nínú gbogbo wọn kì í ṣe páànù rárá, amọ̀ ni. Ní ọdún 1787 àwọn ọkùnrin kan dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù láti fi òpin sí òwò ẹrú. Josiah Wedgwood, amọ̀kòkò tí òkìkí rẹ̀ kàn, darapọ̀ mọ́ wọn, ó sì mú kí àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ fi amọ̀ ṣe àmì kékeré kan. Ọkùnrin aláwọ̀ dúdú kan wà lórí ìkúnlẹ̀, a fi ẹ̀wọ̀n dè é tọwọ́ tẹsẹ̀, ó gbé ojú sókè, ó ń béèrè bí òun kì í bá ṣe ènìyàn àti arákùnrin. Wedgwood pín wọn lọ́fẹ̀ẹ́, ó sì fi díẹ̀ ránṣẹ́ sí Benjamin Franklin ní Philadelphia ní ọdún 1788. Àwọn ọkùnrin fi wúrà dè é mọ́ ìdérí àpótí áṣáà wọn. Àwọn obìnrin fi ṣe ẹ̀gbà ọwọ́ àti ohun ọ̀ṣọ́ irun. Báyìí ni ìpọ́njú ẹrú ṣe di ẹ̀ṣọ́ ní ilé àwọn ọlọ́lá.

Inú mi kò dùn tán sí àwòrán náà. Ọkùnrin náà kò ní orúkọ, orí ìkúnlẹ̀ ni ó sì wà títí di òní. Síbẹ̀, ní ọdún 1807, ogún ọdún lẹ́yìn rẹ̀, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi òfin de òwò náà. Ọkọ̀ ogun tí ń mú irú òfin bẹ́ẹ̀ ṣẹ ni ó sì gba ọmọkùnrin ará Òṣoògùn kan sílẹ̀ lójú omi ní ọdún 1822, Àjàyí, ẹni tí gbogbo wa wá mọ̀ sí Bíṣọ́ọ̀bù Crowther. Èmi kò sọ pé amọ̀ ni ó dá a sílẹ̀. Àwọn ẹrú tí ó dìde fún ara wọn, àti ẹni bí Olaudah Equiano tí ó tẹ ìtàn ayé ara rẹ̀ jáde ní ọdún 1789, ṣe ju amọ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò ní ìbò nígbà náà, àwọn obìnrin kò sì ní in rárá. Nípa kí ni wọn ìbá fi sọ ọkàn wọn jáde?

Ní Amẹ́ríkà, bọ́tìnnì gidi tí a ń rán mọ́ ẹ̀wù ni ó ṣáájú. Nígbà tí George Washington búra gẹ́gẹ́ bí Ààrẹ ní ọdún 1789, àwọn ènìyàn rán bọ́tìnnì idẹ tí a kọ lẹ́tà àkọ́kọ́ orúkọ rẹ̀ sí mọ́ kóòtù wọn. Ní 1860, àwòrán Abraham Lincoln jáde lórí páànù pélébé. Ṣùgbọ́n ọdún 1896 ni báàjì bí a ti mọ̀ ọ́n lónìí dé, láti ọwọ́ ilé iṣẹ́ Whitehead and Hoag ní ìlú Newark, tí ó gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí rẹ̀. Ọgbọ́n tí a fi ṣe é dùn mọ́ mi nínú, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́. A tẹ àwòrán sórí bébà róbótó; a fi sẹ́lúlọ́ìdì tí ó mọ́ bí dígí bò ó; a tẹ méjèèjì mọ́ ojú páànù; a fi òrùka irin di etí wọn láti ẹ̀yìn; a sì ká wáyà ẹlẹ́nu ṣóńṣó sínú òrùka náà. Ó parí. Ní ọdún náà gan-an William McKinley àti William Jennings Bryan ń du ipò Ààrẹ, tí wọ́n ń jà lórí bóyá wúrà nìkan ni kí owó ilẹ̀ náà dúró lé tàbí wúrà pẹ̀lú fàdákà, báàjì sì kún ìlú. Kò pẹ́ tí àwọn oníṣòwò sìgá fi gbà á fún ìpolówó ọjà wọn. Ní 1940, nígbà tí Franklin Roosevelt du ipò náà nígbà kẹta, àwọn alátakò rẹ̀ tẹ oríṣiríṣi jáde; ọ̀kan tilẹ̀ wà tí ó sọ pé àwọn kò fẹ́ Eleanor ìyàwó rẹ̀ pẹ̀lú. Ọkùnrin náà wọlé síbẹ̀.

Ti àwọn obìnrin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ń jà fún ìbò le ju èyí lọ. Ní ọdún 1908 ẹgbẹ́ Emmeline Pankhurst mú àwọ̀ mẹ́ta fún ara wọn, èsè àlùkò, funfun àti àwọ̀ ewé, ẹni tí ó bá sì ní owó díẹ̀ lè ra báàjì wọn. Ṣùgbọ́n ní 1909 Sylvia ọmọ rẹ̀ ya irú mìíràn: ẹnu ọ̀nà onírin tí ó jẹ́ àmì ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin, pẹ̀lú ọfà tí ìjọba ń tẹ̀ sára aṣọ ẹlẹ́wọ̀n. Àwọn obìnrin tí ó ti sùn ní ẹ̀wọ̀n Holloway nítorí ọ̀ràn náà nìkan ni a ń fún. Kò sí ṣílè tí a lè fi rà á.

Ní 1958 amọ̀ tún padà wá. Gerald Holtom ya àmì kan fún àwọn tí ó ń tako bọ́ǹbù átọ́míìkì, tí wọ́n fi ẹsẹ̀ rìn láti Lọ́ńdọ̀nù dé Aldermaston ní àsìkò Àjíǹde. Eric Austen sun báàjì àkọ́kọ́ wọn nínú iná bí ìkòkò, a sì ń fi ìwé kékeré kan tẹ̀ lé e, pé bí ogun náà bá dé, báàjì yìí yóò wà lára ohun díẹ̀ tí yóò kù. Ẹ̀rín kọ́ ni èyí.

Ṣùgbọ́n ibi tí ọ̀ràn yìí ti kan àwa tí ń kọ́ iṣẹ́ olùkọ́ ni ìlú Philadelphia mìíràn, èyí tí ó wà ní ìpínlẹ̀ Mississippi. Ní oṣù kẹfà ọdún 1964 ni a pa ọ̀dọ́mọkùnrin mẹ́ta, Chaney, Goodman àti Schwerner, ní àgbègbè náà, nítorí pé wọ́n ń ran àwọn aláwọ̀ dúdú lọ́wọ́ láti gba ẹ̀tọ́ ìbò. Ní oṣù kẹsàn-án, oṣù kẹta lẹ́yìn náà, àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ gíga àwọn aláwọ̀ dúdú ní ìlú yìí so báàjì mọ́ àyà wá sí kíláàsì. Ohun tí a kọ yí etí rẹ̀ ká ni pé ẹnì kan, ìbò kan. Ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ ti kéde pé kí ẹnikẹ́ni má wọ̀ ọ́, nítorí pé kò bá ẹ̀kọ́ mu, yóò sì dá ìdàrúdàpọ̀ sílẹ̀. Ọmọ mẹ́ta tàbí mẹ́rin ni ó kọ́kọ́ wọ̀ ọ́. Ní ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn náà wọ́n di ọgbọ̀n sí ogójì. Ọ̀gá pè wọ́n jọ, ó ní kí wọ́n tú u tàbí kí wọ́n máa lọ sí ilé. Èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn gbé ìwé wọn, wọ́n sì lọ sí ilé.

Kí a má tètè dá ọ̀gá náà lẹ́bi. Ìlú ẹ̀rù ni. Púpọ̀ nínú àwọn òbí gba tirẹ̀. Àwọn díẹ̀ kọ̀, wọ́n gbé ẹjọ́ lọ títí dé ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn, ilé ẹjọ́ náà sì dá àwọn ọmọ láre ní ọdún 1966, nítorí pé wọ́n jókòó jẹ́ẹ́ sí àyè wọn, iṣẹ́ kò sì dúró ní kíláàsì kankan. Ẹ wá gbọ́ èkejì. Ní ilé-ẹ̀kọ́ mìíràn ní ìpínlẹ̀ kan náà, ní àgbègbè Issaquena, àwọn ọmọ so báàjì bẹ́ẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ 1965, ṣùgbọ́n àwọn mìíràn nínú wọn ń fi ipá so ó mọ́ àyà ẹni tí kò béèrè, títí ọmọ kékeré kan fi bú sí ẹkún. Ilé ẹjọ́ kan náà, ní ọdún kan náà, dá ilé-ẹ̀kọ́ yẹn láre. Ní 1969, nígbà tí ọ̀ràn àwọn ọmọ tí ó so aṣọ dúdú mọ́ apá nítorí ogun Vietnam dé ilé ẹjọ́ gíga jùlọ, ẹjọ́ Philadelphia ni àwọn adájọ́ tọ́ka sí.

Mo ti bá ọ̀rẹ́ mi kan jiyàn lórí ẹjọ́ méjèèjì yìí ní yàrá wa títí a fi pa iná. Ó ní ìwé àti kálàmù nìkan ni ó yẹ kí ọmọ gbé wá sí ilé-ẹ̀kọ́, àti pé olùkọ́ tí ó bá gba báàjì kan láàyè lónìí yóò rí ogún lọ́la. Mo ní kí ogún ó dé, bí abẹ́rẹ́ kò bá ti kan àyà ẹlòmíràn. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó sì béèrè lọ́wọ́ mi bí báàjì ọmọ náà bá jẹ́ ti ẹgbẹ́ tí èmi kò lè fi ojú rí ńkọ́. Mo ní kí ọmọ náà jókòó, kí ó ṣí ìwé ìṣirò rẹ̀.