Ìwé Bàbá àti Káàdì Kékeré

Bàbá wa kì í bèèrè nǹkan lẹ́ẹ̀mejì. Bí ìwé inú ẹ̀rọ wọn bá tán lọ́jọ́ Ajé, wọ́n á sọ fún ẹni tó bá kọ́kọ́ kọjá pé, "Ìwé yẹn ti parí o." Ó tán nìyẹn. Bí onítọ̀hún bá gbàgbé, Bàbá á jókòó sẹ́nu ọ̀nà títí di ọjọ́ Ẹtì, wọ́n á máa gbọ́ ariwo irin láti apá ọjà Katako, wọn ò sì ní dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi.

Boukoki ni a ń gbé, nílùú Niamey. Kí wọ́n tó bí ẹnikẹ́ni nínú wa ni Bàbá ti dé síbí láti Ogbómọ̀ṣọ́, wọ́n sì ta aṣọ fún ọ̀pọ̀ ọdún kí àìsàn tí àwọn dókítà ń pè ní glaucoma tó gba ojú wọn. Àwọn ará ilé kan ṣì ń rò pé ìfọ́jú etí odò ni, èyí tí eṣinṣin dúdú ń fà. Òun kọ́. Ìyẹn ti kúrò nílẹ̀ yìí: ní oṣù kìíní ọdún 2025, àjọ ìlera àgbáyé, WHO, kéde pé Niger ni orílẹ̀-èdè àkọ́kọ́ ní Áfíríkà tó fòpin sí i. Glaucoma ò ní irú ìròyìn ayọ̀ bẹ́ẹ̀. Ìríran tó bá ti gbà lọ kì í padà mọ́, kì í sì í dunni níbẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ti lé ní ogójì ọdún, ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ yẹ ojú yín wò.

Ẹ̀gbọ́n wa tó wà ní Kánádà ló fi ẹ̀rọ náà ránṣẹ́. Victor Reader Stream ni wọ́n ń pè é. Ilé iṣẹ́ HumanWare ló ń ṣe é níbẹ̀, èyí àkọ́kọ́ sì jáde ní ọdún 2007. Kò tóbi ju fóònù lọ, bọ́tìnnì rẹ̀ yọ sókè tí ìka lè mọ̀ wọ́n, ó sì ń rántí ibi tí èèyàn gbọ́ ìwé dé. Bàbá sọ ọ́ ní "Akọ̀wé mi". Akọ̀wé ò lè ka Yorùbá fúnra rẹ̀, ohùn èèyàn ni a ń fi sí i. Àbúrò wa obìnrin tó wà ní Ìbàdàn ló ń kàwé sórí fóònù rẹ̀ lálẹ́, orí kan lẹ́ẹ̀kan. Ògbójú Ọdẹ ti Fágúnwà, tó jáde ní ọdún 1938, ló fi bẹ̀rẹ̀. Bàbá á gbọ́ ọ tán, wọ́n á pè é, wọ́n á ní, "Ọmọ mi, o ṣeun, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí o pè lánàá yẹn, bí Òyìnbó lo ṣe pè é."

Gbígbé ìwé yìí dénú Akọ̀wé ni wàhálà wà. A ní láti gba ohùn náà sórí kọ̀ǹpútà, kí a sọ ọ́ di MP3, kí a yọ káàdì kékeré inú ẹ̀rọ, kí a kó ìwé kọ̀ọ̀kan sínú fódà tirẹ̀, kí fódà yẹn sì wà nínú èyí tó ń jẹ́ $VROtherBooks. Bí ẹ bá gbé e síbòmíràn, ẹ̀rọ lè má rí i. Nọ́ńbà orí kọ̀ọ̀kan náà gbọ́dọ̀ ní òdo níwájú, 01, 02, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Ìgbà kan wà tí a gbàgbé òdo yìí, Bàbá bá gbọ́ orí kẹwàá ṣáájú orí kejì. Wọ́n ní ọmọ òun ti ń fo ìwé.

Lẹ́yìn ìfipágbàjọba oṣù keje ọdún 2023, Nàìjíríà dá iná tó ń fún Niger dúró, ẹnubodè sì tì. Iná á dé fún ìwọ̀nba wákàtí, kálukú á sáré ti fóònù rẹ̀ bọ iná. Ta ni yóò jókòó ti káàdì? Ọ̀sẹ̀ méjì kọjá láìsí ìwé tuntun, Bàbá ò sọ nǹkan kan.

Àbíkẹ́yìn wa tó ń kọ́ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ló ní kí a jẹ́ kí ẹ̀rọ máa ṣe é fúnra rẹ̀. Ará Ìbàdàn á ju ohùn sínú fódà kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Bí kọ̀ǹpútà wa bá ti rí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, á gbà á wálẹ̀, á sọ ọ́ di MP3, á fún un ní nọ́ńbà. Ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá mẹ́wàá, á wò ó bóyá káàdì Bàbá ti wọlé. Bí ó bá ti rí i, robocopy, ohun èlò tó ti wà nínú Windows tẹ́lẹ̀, á kó èyí tó jẹ́ tuntun sórí rẹ̀. Lẹ́yìn náà ohùn àbíkẹ́yìn á jáde: "Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá, ìwé ti wọlé." Bàbá fọwọ́ wá ihò káàdì fún ọjọ́ mélòó kan, wọ́n sì mọ̀ ọ́n. Láti ìgbà náà, wọn ò ní láti sọ fún ẹnikẹ́ni pé ìwé tán.

Ibi tí ó yẹ kí a fi iṣẹ́ mọ nìyẹn. Káàdì ń kún, a sì fẹ́ kí àwọn ìwé tí wọ́n ti gbọ́ tán máa kúrò. A wá fi /MIR kún àṣẹ náà. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ohunkóhun tí kò bá sí lórí kọ̀ǹpútà, kí ó pa á rẹ́ lórí káàdì.

Bàbá ni alájọ àwọn èèyàn wa ládùúgbò. Bí ẹnì kan bá mú owó wá, wọ́n á tẹ bọ́tìnnì, wọ́n á sọ orúkọ àti iye rẹ̀ sínú Akọ̀wé. Gbogbo wa la máa ń gbọ́ wọn. Kò sí ẹni tó bi ara rẹ̀ pé níbo ni ọ̀rọ̀ náà ń lọ. Fódà $VRNotes ló ń lọ, lórí káàdì kan náà, kò sì sí ẹ̀dà rẹ̀ níbòmíràn.

Lọ́jọ́ kejì, ìyá kan wá bèèrè iye tó kù fún un. Bàbá tẹ bọ́tìnnì. Kò sí nǹkan kan.

"Ta ló fọwọ́ kan Akọ̀wé?"

"Àwa ni, Bàbá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú."

Wọn ò bínú, ìyẹn ló le jù. Wọ́n ní kí ìyá náà padà wá lọ́la.

Ohun tó kó wa yọ ni pé a ò kọ nǹkan mìíràn sórí káàdì náà lẹ́yìn èyí. Fáìlì tí a pa rẹ́ kì í lọ lójú ẹsẹ̀. Àyè rẹ̀ ni kọ̀ǹpútà á kà sí òfìfo, títí nǹkan mìíràn á fi gorí rẹ̀. PhotoRec, tí èèyàn ń gbà lọ́fẹ̀ẹ́, wá 38 jáde nínú 46. Ṣùgbọ́n kì í dá orúkọ àti ọjọ́ fáìlì padà. Alẹ́ méjì ni Bàbá fi gbọ́ ọ, wọ́n ń fi ohun tó ń dún lẹ́yìn mọ ọjọ́: òjò lórí páànù, ọmọ aládùúgbò tó ń sunkún lọ́sẹ̀ tí wọ́n dá a lábẹ́. Àwọn mẹ́jọ tó sọnù, Bàbá sọ iye wọn láti orí, àbíkẹ́yìn kọ ọ́ sílẹ̀, a sì gba ilé àwọn tó ni ín lọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ti àwọn méje bá ara mu. Ẹnì kan ní tòun fi 5,000 sẹ́fà lé e.

A fẹ́ jiyàn. Bàbá ní, "Ẹ̀rí tí mi ò bá fi bá a jiyàn, ẹ ti pa á rẹ́. Ẹ san án." A san án.

A ti yọ /MIR kúrò. Káàdì mìíràn la sì ń kọ́kọ́ fi dán ohunkóhun tí a bá yí padà wò báyìí. Bí Bàbá bá ti káàdì bọ kọ̀ǹpútà, ọ̀rọ̀ wọn ló ń kọ́kọ́ ṣe ẹ̀dà rẹ̀ kúrò lórí káàdì, kí ó tó kó ìwé kankan sí i. Ìwé tí wọ́n bá ti gbọ́ tán, àwọn fúnra wọn ló ń pa á rẹ́ láti inú Akọ̀wé. Ohùn àbíkẹ́yìn náà ti di méjì: "Ọ̀rọ̀ yín ti wà nípamọ́," lẹ́yìn náà, "Ìwé ti wọlé." Títí Bàbá á fi gbọ́ èkíní, ọwọ́ wọn kì í kúrò lórí káàdì.