Àwa Ọmọ T-square

Kọ̀ńdọ́ mọ́lúẹ̀ mọ̀ wá nígbà tí a wà níléèwé. Bí a bá ti gun ọkọ̀ ní Pen Cinema, l'Ékòó, pẹ̀lú T-square lábíyá àti bọ́ọ̀dù ìyàwòrán lọ́wọ́, ohùn rẹ̀ la ó kọ́kọ́ gbọ́: "Ẹ̀yin tẹ́ẹ gbé igi, ẹ rọra o, ẹ má fọ́ èèyàn lójú!" Owó ọmọ iléèwé la ń san, àyè èèyàn méjì la ń gbà.

Ìran wa ni ìjọba fi dán ètò 6-3-3-4 wò. Ọdún 1982 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, nígbà tó sì di 1988, WAEC ṣe SSCE àkọ́kọ́, èyí tó rọ́pò School Cert àwọn ẹ̀gbọ́n wa. Wọ́n fi àwọn òbí wa lọ́kàn balẹ̀ pé ọmọ tó bá jáde á ti mọ iṣẹ́ ọwọ́, kò ní máa gbé sátífíkéètì kiri ìgboro. Bí a ṣe bá Intro Tech pàdé ní JS nìyẹn: igi díẹ̀, irin díẹ̀, iná mànàmáná díẹ̀, ìyàwòrán díẹ̀. Ìjọba náwó o. Wọ́n kó ẹ̀rọ wá láti òkè òkun. Àmọ́ ní ọ̀pọ̀ iléèwé káàkiri Nàìjíríà, inú àpótí tí wọ́n fi kó ẹ̀rọ wá náà ló jókòó sí tó fi dípẹtà. Kò sí iná, kò sí yàrá iṣẹ́, kò sí olùkọ́ tó mọ̀ ọ́n lò.

Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé Technical Drawing (TD) ló kù fún ọ̀pọ̀ wa nígbà tí a dé SS. Kì í ṣe pé ó dùn ju iṣẹ́ igi tàbí iṣẹ́ irin lọ. Òun ni kò béèrè iná NEPA. Bọ́ọ̀dù, pẹ́ńsù, bébà àti olùkọ́ tójú rẹ̀ le ti tó.

Ẹ ò ní mọ bí ojú olùkọ́ yẹn ṣe le tó bí ẹ ò bá mọ iṣẹ́ náà. Wàá kọ́kọ́ fọ ọwọ́, torí bébà tó bá ti dọ̀tí ti gba òdo kóo tó fa ìlà kan. Wàá gbé orí T-square ti etí bọ́ọ̀dù lápá òsì, wàá fi bébà bá a dọ́gba, wàá wá fi sẹ́lótépù lẹ igun rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Pẹ́ńsù 2H tí ẹnu rẹ̀ mú ṣáṣá la fi ń fa ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ tí a ò fẹ́ kó hàn. Tọ́wọ́ bá ti dá wa lójú, a fi HB tẹ̀ ẹ́. Ìbéèrè tó ń pa èèyàn ni èyí tí wọ́n ti tú irinṣẹ́ kan palẹ̀, bóòtù níhìn-ín, nọ́ọ̀tì lọ́hùn-ún, tí wọ́n ní kóo tò ó pọ̀, kóo sì yà á bí ẹni pé ayùn là á sí méjì. Gbogbo ibi tí ayùn bá kàn, wàá fa ìlà dídàgẹ̀rẹ̀ sí i ní ìwọ̀n 45. Ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ kan bóòtù tó dùbúlẹ̀ gbọọrọ ní ojú ibi tí ayùn gbà. Òfin ni, ọ̀pọ̀ máàkì ló sì bá a lọ. Ohun tójú ò rí tó sì wà níbẹ̀, ìlà jíjá-jíjá la fi ń yà á. Ọmọbìnrin inú wa kò pọ̀, àmọ́ ìlà tiwọn sábà máa ń mọ́ ju tiwa lọ, ká má purọ́.

Ohun tó ń dùn mí ni pé ẹ̀rọ tí à ń yà kò jìnnà sí wa. Guinness àti Dunlop ti wà ní Ìkẹjà láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960. Cadbury wà ní Agídíngbí, òórùn kòkó rẹ̀ kì í jẹ́ kí àdúgbò gbàgbé. Nigerian Textile Mills wà lójú ọ̀nà Ọba Akran. Bàbá àwọn kan nínú wa ni fítà tó ń tú irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ lójoojúmọ́. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ wa ló ṣe TD tán láì wọ géètì iléeṣẹ́ kankan rí. Kò sí ètò kan tó so kíláàsì mọ́ iléeṣẹ́.

Ká tó jáde, ètò àtúntò ọrọ̀ ajé tí wọ́n ń pè ní SAP ti wọlé ní 1986. Náírà já wálẹ̀, ohun èlò òkè òkun gbówó lórí, iléeṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í dín òṣìṣẹ́ kù. Iléeṣẹ́ aṣọ ojú Ọba Akran kógbá sílé nígbẹ̀yìn. Dunlop ò ṣe táyà mọ́ ní Ìkẹjà láti 2008. Lára àwọn ilé ńláńlá tí ẹ̀rọ ti ń pariwo nígbà náà, àwọn kan ti di ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn kan ti di ibi ìkẹ́rùsí.

Wọ́n ní ìran wa ni ìran tí wọ́n fi ṣàdánwò tó sì forí ṣánpọ́n. Mi ò gbà. Ẹ lọ síbi tí wọ́n ti ń jó irin ní Ìjú tàbí Ògbà, ẹ ó dá ẹni tó ṣe TD mọ̀. Kó tó gé irin kan, á ti fi ṣọ́ọ̀kì ya géètì náà sílẹ̀ẹ́lẹ̀: iwájú, ẹ̀gbẹ́, òkè. Irin kì í ṣẹ́kù ṣòfò lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn mìíràn nínú wa wà ní Otigba, n'Íkẹjà, nígbà tí àdúgbò ilé gbígbé yẹn ń di Computer Village, wọ́n sì fi ojú tí wọ́n fi ń ka àwòrán ka inú kọ̀ǹpútà.

Ìjọba ṣì ń gbìyànjú. Ní 2011 wọ́n fi iṣẹ́ ọwọ́ 34 kún ẹ̀kọ́ SS; ní 2025 wọ́n gé e kù sí mẹ́fà, àtúnṣe kọ̀ǹpútà àti fóònù sì wà níbẹ̀. Ó dáa, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn ọmọ Otigba ti ń kọ́ ara wọn tipẹ́tipẹ́ láì dúró de ìwé ẹ̀kọ́ kankan. Ẹ̀rù tó ń bà mí ni ti àpótí ẹ̀rọ ìgbà tiwa: ta ni yóò kọ́ wọn, kí sì ni wọn yóò fọwọ́ kàn?

Ẹ̀yin òbí, Government Technical College wà ní Agídíngbí, láàárín iléeṣẹ́ gan-an. Ẹ yé pè é ní ilé ọmọ tí kò mọ̀wé. Ẹ̀yin ọ̀gá iléeṣẹ́ tó ṣẹ́kù ní Ọba Akran àti Agídíngbí, ọmọ T-square pọ̀ nínú yín. Ẹ ṣí géètì fáwọn ọmọ SS2, ó kéré tán ọ̀sẹ̀ méjì lọ́dún, kí wọ́n fi ojú ara wọn rí bóòtù tí wọ́n ń yà.