Hítà Tuntun Ilé Àbúrò Mi

Mo mọ̀ pé ẹlòmíràn á máa sọ pé kí ló kan nọ́ọ̀sì kan ọ̀rọ̀ owó iná, pé kí n máa bá ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ ríru àti abẹ́rẹ́ àjẹsára tí mo mọ̀ lọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ fún mi lọ́sẹ̀ yìí. Ọ̀rọ̀ owó iná yìí ló sún mi dé ibi tí mo ti ń fi omi tútù ṣan ọwọ́ ọmọ ọdún mẹ́rin, tí gbogbo ara mi ń gbọ̀n, bẹ́ẹ̀ èmi gan-an ni mo ṣe ohun tó jó ọmọ náà lọ́wọ́.

Oṣù kẹwàá ọdún 2024 ni. Àbúrò mi obìnrin tó ń gbé ní Maryland, ní Amẹ́ríkà, ṣẹ̀ṣẹ̀ bí ọmọ rẹ̀ kejì. Màámi, tí wọ́n ti pé ẹni ọdún 74, ti lọ ṣáájú láti lọ tọ́jú ìyá àti ọmọ. Èmi gba ìsinmi lẹ́nu iṣẹ́, mo sì lọ bá wọn. Ọjọ́ kẹrin tí mo débẹ̀, láàárọ̀ Sátidé, Màámi wọ balùwẹ̀, a kàn gbọ́ igbe. Omi tútù bí yìnyín ló ń tú jáde. Nígbà tí ọkọ àbúrò mi máa fi sọ̀ kalẹ̀ lọ sí yàrá abẹ́ ilẹ̀, omi ti kún ilẹ̀ níbẹ̀. Hítà wọn ti jò.

Kí n ṣàlàyé fún ẹni tí kò bá mọ bí ilé wọn ṣe rí. Hítà tiwọn kì í ṣe èyí tó kéré tí a ń kàn mọ́ ògiri balùwẹ̀ níbí. Táǹkì ńlá ni, ó ga tó èèyàn, ó ń gba nǹkan bíi lítà 190, òun ló sì ń fún gbogbo ilé lómi gbígbóná, tọ̀sán-tòru. Irin oníná méjì ló wà nínú rẹ̀, irú irin kan náà tó wà nínú boiling ring tí a ń tì bọ inú korobá omi. Iná wọlé, irin gbóná, irin mú omi gbóná. Kò sí àdììtú kankan níbẹ̀, àyàfi pé ó ń jẹ iná bí ẹni pé ebi ti pa á láti ọjọ́ mẹ́ta.

Púlọ́ńbà tí wọ́n pè dé lọ́sàn-án, ó sì fi iye méjì síwájú wọn. Bí wọ́n bá fẹ́ irú èyí tó bàjẹ́, dọ́là 1,700 pẹ̀lú owó iṣẹ́. Bí wọ́n bá sì fẹ́ èyí tí wọ́n ń pè ní heat pump, dọ́là 3,900. Àbúrò mi wo ọkọ rẹ̀, ọkọ rẹ̀ wo òrùlé. Obìnrin tó wà nílé pẹ̀lú ìkókó, tí owó oṣù rẹ̀ ti dínkù nítorí ìsinmi ọlọ́mọ! Màámi tó jókòó sórí àga ní, "Ẹ ra èyí tí kò wọ́n, ẹ jẹ́ ká wẹ̀." Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni lójú tèmi náà nígbà yẹn.

Ṣùgbọ́n ọkọ àbúrò mi fẹ́ràn ìṣirò. Ó gbé ìwé jókòó, ó ní, "Àǹtí, ẹ wá wò ó." Bó ṣe ṣàlàyé rẹ̀ fún mi nìyí, mo sì ti rí i kà fúnra mi lẹ́yìn náà pé bẹ́ẹ̀ ló rí.

Ẹ lọ fi ọwọ́ kan ẹ̀yìn fíríìjì yín. Ó gbóná, àbí? Ooru yẹn, inú fíríìjì ló ti wá: fíríìjì ń fa ooru kúrò lára ọbẹ̀ àti omi inú rẹ̀, ó sì ń tú u sẹ́yìn. Heat pump náà ń ṣe iṣẹ́ yẹn gan-an, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn rẹ̀ ni a fẹ́. Ó ń fa ooru inú afẹ́fẹ́ yàrá tó wà, ó ń fún gáàsì kan pọ̀ títí yóò fi gbóná, ó sì ń gbé ooru yẹn fún omi inú táǹkì. Iná tó ń jẹ kò ju ti kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ àti fáànù lọ. Ìyẹn ni pé níbi tí irin oníná ti ń gba yúníìtì kan láti fúnni ní ooru yúníìtì kan péré, èyí ń gba yúníìtì kan, ó ń fúnni ní ooru tó tó mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí pé afẹ́fẹ́ ló dá ìyókù.

Ní Amẹ́ríkà, ìwé aláwọ̀ òfeefèé kan máa ń wà lára irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, òun ló ń sọ iye iná tí yóò jẹ lọ́dún. Hítà onírin tó bàjẹ́ yẹn ń jẹ nǹkan bíi yúníìtì 3,500 lọ́dún. Tuntun yìí kò ní jẹ tó 1,000. Lọ́dọ̀ wọn, sẹ́ǹtì 18 ni wọ́n ń san lórí yúníìtì kan, ìyẹn dọ́là 630 fún ti àtijọ́ àti dọ́là 180 fún tuntun. Dọ́là 450 ló wà láàárín wọn lọ́dọọdún. Ilé-iṣẹ́ tó ń fún wọn ní iná tún ń dá dọ́là 500 padà fún ẹni tó bá rà á. Ìjọba àpapọ̀ náà, láti 2023 títí di ìparí 2025, ń yọ ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún owó náà kúrò nínú owó orí, tí kò bá ti kọjá dọ́là 2,000. Nígbà tí ó yọ gbogbo rẹ̀, ohun tó kù kò ju 2,380 lọ. Ìyàtọ̀ sí ti àtijọ́ jẹ́ 680, èyí tí ẹ̀rọ náà yóò fi san ara rẹ̀ padà láàárín ọdún kan ààbọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ní ọmọ lọ́hùn-ún, ẹ má ṣe lo ìṣirò yìí mọ́ bó ṣe rí, nítorí ti owó orí yẹn ti parí ní ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá, 2025. Ẹ ní kí wọ́n kọ́kọ́ bi ilé-iṣẹ́ iná wọn pé kí ni wọ́n ṣì ń dá padà.

Wọ́n rà á. Ọjọ́ Túsìdeé ni wọ́n gbé e wá, ọ̀rọ̀ sì bẹ̀rẹ̀.

Yàrá Màámi wà nísàlẹ̀ ilé yẹn, nítorí orúnkún wọn kò gbà kí wọ́n máa gun àkàsọ̀, ilẹ̀kùn ẹ̀yìn sì wà níbẹ̀ tí wọ́n lè gbà bọ́ síta. Ibi tí hítà wà kò ju ìṣísẹ̀ mẹ́wàá sí ẹnu ọ̀nà wọn. Ẹ rántí pé ooru afẹ́fẹ́ ni ẹ̀rọ yìí ń fà. Tó bá ti fa ooru, afẹ́fẹ́ tútù ló ń fẹ́ jáde. Ó tún ń dún bí ẹ̀rọ amúlétutù ojú fèrèsé. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Màámi da gèlè bo etí, wọ́n wọ súwẹ́tà méjì, wọ́n ní, "Ẹ ra fíríìjì tí kò ní ilẹ̀kùn, ẹ wá gbé e sẹ́nu ọ̀nà mi. Ṣé ìyá yín lẹ fẹ́ fi pamọ́ sínú rẹ̀ kó má baà bàjẹ́ ni?" A rẹ́rìn-ín títí. Ṣùgbọ́n làkúrègbé kì í ṣeré, otútù sì máa ń jẹ́ kí oríkèé le koko. A ti ilẹ̀kùn tó wà láàárín yàrá wọn àti ibi hítà pa, a fi aṣọ dí abẹ́ rẹ̀, a sì pè púlọ́ńbà pé kó ṣí ihò afẹ́fẹ́ sí apá kejì, nítorí pé ẹ̀rọ náà nílò àyè fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ tí yóò ti máa rí ooru fà. Ẹni tó bá tì í mọ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù tóóró kò ní rí èrè rẹ̀. Ohun kan tí Màámi gbà pé ó dára ni pé ọ̀rinrin àti òórùn búburú yàrá abẹ́ ilẹ̀ náà dínkù, torí pé ẹ̀rọ yẹn ń fa omi kúrò nínú afẹ́fẹ́.

Àròyé kejì ló dá wàhálà sílẹ̀. Màámi ní omi náà kò gbóná tó. Wọ́n fẹ́ fi aṣọ ìnura tẹ ikùn ọlọ́mọ, wọ́n sì fẹ́ rẹ orúnkún tiwọn. Púlọ́ńbà ti fi ẹ̀rọ náà sí 120 ní ìwọ̀n tiwọn, ìyẹn 49 ní ìwọ̀n Celsius tí àwa ń lò. Ẹ̀rọ náà kì í sì í yára gbóná padà bíi ti onírin. Bí èèyàn mẹ́ta bá wẹ̀ tẹ̀léra wọn, ẹni kẹrin máa dúró. Kí ni mo ṣe? Èmi Ẹ̀gbọ́n, èmi tí mo mọ gbogbo nǹkan, mo sọ̀ kalẹ̀ lálẹ́, mo tẹ bọ́tìnnì, mo gbé e sí 140. Ìyẹn jẹ́ 60. N kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Mo ní kí ara tu Màámi.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ẹ̀gbọ́n ìkókó náà, ọmọ ọdún mẹ́rin, gun àpótí kékeré láti fọwọ́ gẹ́gẹ́ bí a ti kọ́ ọ. Ó ṣí ẹ̀rọ omi sí apá gbígbóná. Igbe tó ké ni mo gbọ́ nínú yàrá ìdáná.

Mo ti ṣe iṣẹ́ nọ́ọ̀sì fún ọdún 21. Mo mọ̀ ọ́n sórí pé omi tó wà ní 60 lè jó awọ àgbàlagbà láàárín ìṣẹ́jú àáyá 5, pé ti ọmọdé àti ti arúgbó tún yá jù bẹ́ẹ̀ lọ nítorí awọ wọn fẹ́lẹ́, bẹ́ẹ̀ ní 49, ó máa ń tó ìṣẹ́jú 5 kó tó ṣe irú ọṣẹ́ yẹn. Mo mọ̀ ọ́n, mo sì fi ọwọ́ ara mi tẹ bọ́tìnnì.

Mo fa ọwọ́ rẹ̀ sábẹ́ omi tútù tó ń ṣàn, mo sì dì í mú síbẹ̀ fún ogún ìṣẹ́jú gbáko. Màámi gbé epo pupa dé. Àbúrò mi ń wá ọṣẹ ìfọyín. Mo ní rárá, kò sí epo, kò sí ọṣẹ ìfọyín, kò sí ẹyin, kò sí yìnyín. Omi tútù lásán, ogún ìṣẹ́jú, lẹ́yìn náà ẹ fi aṣọ mímọ́ bò ó láìdì í le. Tó bá léròrò ní ojú, ọwọ́, ẹsẹ̀ tàbí ojú ara, tàbí tó bá jẹ́ ìkókó tàbí arúgbó ló jó, ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn. A gbé e lọ. Ìka méjì ló léròrò, wọ́n tọ́jú rẹ̀, ó san láìní àpá. Nígbà tí dókítà bèèrè bí ó ṣe ṣẹlẹ̀, ọkọ àbúrò mi fẹ́ sọ pé òun kò mọ̀. Èmi ni mo lanu sọ ọ́. Ó wò mí, kò sọ nǹkan kan, a sì wà bẹ́ẹ̀ nínú mọ́tò títí dé ilé. Mo bẹ̀ ẹ́ lálẹ́ ọjọ́ yẹn.

Ẹ ó ní kí á kàn dá a padà sí 49, kó parí síbẹ̀. Ìyẹn náà dára fún ọ̀pọ̀ ilé. Ṣùgbọ́n kòkòrò àrùn kan wà tó ń jẹ́ Legionella, tí àwọn onímọ̀ dá mọ̀ lẹ́yìn tí àìsàn kọlu àwọn ológun fẹ̀yìntì tó ṣèpàdé ní Philadelphia lọ́dún 1976. Ó ń fa òtútù àyà tó le, àgbàlagbà ló sì ń yọ lẹ́nu jù. Inú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ tó dúró sójú kan ló ti ń gbèrú, láàárín 20 sí 45, kò sì lè pẹ́ láyé nínú omi tó wà ní 60. Nítorí náà, púlọ́ńbà fi irinṣẹ́ kékeré kan sí ẹnu táǹkì, èyí tó ń da omi tútù pọ̀ mọ́ gbígbóná. Inú táǹkì wà ní 60, ohun tó ń jáde ní ẹ̀rọ omi kò kọjá 49. Omi tún pọ̀ sí i fún wa, nítorí pé a kì í lo púpọ̀ nínú gbígbóná mọ́. Ó gba dọ́là díẹ̀ sí i. Ká ní mo bèèrè kí n tó tẹ bọ́tìnnì ni, ọmọ kì bá tí jó. Ti ìkókó ní tirẹ̀, omi ìwẹ̀ rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ ju 37 tàbí 38 lọ. Ẹ fi ìgbọ̀nwọ́ yín kàn án, kì í ṣe àtẹ́lẹwọ́ tó ti yigbì.

Nígbà tí mo padà sí Ìbàdàn, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣírò tiwa. Ní oṣù kẹrin 2024, àjọ NERC gbé owó iná àwọn tó wà ní Band A láti bíi náírà 68 lọ sí náírà 225 lórí yúníìtì kan. Ó wá sí 209.50 ní oṣù keje ọdún kan náà. Ká fi ìyẹn ṣírò. Korobá omi lítà 20, tí a fẹ́ mú kó lọ́wọ́ọ́wọ́ láti 25 dé 40, ń jẹ nǹkan bíi yúníìtì 0.35. Náírà 73 nìyẹn. Èèyàn márùn-ún tó ń wẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, nǹkan bíi náírà 22,000 lóṣù, fún omi ìwẹ̀ nìkan! Heat pump yóò dín in kù sí bí ìdá mẹ́ta rẹ̀, ooru ilẹ̀ wa sì bá a lára mu ju ti Maryland lọ. Ṣùgbọ́n ó wọ́n, iná wa ń ṣe ségesège, ẹni tó lè tún un ṣe kò sì wọ́pọ̀. N kò lè sọ fún òṣìṣẹ́ fẹ̀yìntì kan pé kó lọ rà á. Ohun tí mo ṣe nílé mi ni pé mo gbé ìjá dúdú sínú oòrùn lẹ́yìnkùlé láti aago mọ́kànlá, mo sì bò ó. Ìrọ̀lẹ́ tí a bá fẹ́ wẹ̀, omi ti lọ́wọ́ọ́wọ́. A máa ń lò ó tán lọ́jọ́ náà. Boiling ring ni mo kó dànù pátápátá, nítorí iye ọmọ tí mo ti rí tó fọwọ́ kan omi tó wà nínú rẹ̀ kò kéré.

Àbúrò mi pè mí ní ìparí oṣù kejì ọdún 2025. Owó iná wọn fi dọ́là 44 dín sí ti oṣù kan náà lọ́dún tó kọjá. Ọmọ náà gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní àwọn ìka òun ti dára, pé òun kì í ṣí apá pupa mọ́. Màámi gbọ́ ọ̀rọ̀ owó lẹ́yìn, wọ́n ní kí wọ́n yọ owó kẹ́tùlù kan níbẹ̀ fún òun, pé 49 tí wọ́n ń sọ yẹn, òun kò tíì rí i pé ó gbóná.