Ìyàwó ń wẹ arúgbó nílùú ọba, ọkọ ń wẹ ọmọ ní Bàrígà

Agbára wa làwọn òyìnbó ń fẹ́ báyìí o, wọn ò fẹ́ ọmọ wa. Láti March 11, 2024 ni ìjọba wọn ti ní ẹni tó bá ń bọ̀ wá tọ́jú arúgbó ò gbọdọ̀ kó ọkọ tàbí ọmọ dání mọ́. Òun ló sọ bàbá kan tó ń tẹ̀wé ní Ṣómólú di ìyá ọmọ ní Bàrígà. Pọ́n-ùn ń wọlé lóòótọ́, àmọ́ àbíkẹ́yìn wọn rò pé fóònù yẹn gan-an ni Mọ́mì. July 22, 2025, wọ́n tún tilẹ̀kùn mọ́ àwọn tó fẹ́ gba iṣẹ́ náà láti òkè òkun. Ẹni tó bá fẹ́ ta ilẹ̀ torí físà yìí, kó yáa wádìí dáadáa.