Aràn Inú Àwọn Ọmọ Ilé-Ẹ̀kọ́

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, bí a bá dárúkọ Jẹ́ríkò ní Ìbàdàn, igi ńláńlá àti ọgbà tí ó tòrò ni ó máa ń wá sí ọkàn ọ̀pọ̀ ènìyàn. Wọn kò rò pé àìsàn aràn lè dé irú àdúgbò bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n kì í ṣe àwọn ọmọ inú ọgbà wọ̀nyí nìkan ni ń jókòó ní kíláàsì níbẹ̀.

Àwọn àgbà wa a máa wí pé kò sí ẹni tí kò ní aràn nínú, àti pé ohun dídùn ni í mú un ru sókè. Èmi kò bá wọn jiyàn lórí ṣúgà, nítorí eyín ọmọ yóò jẹ àǹfààní rẹ̀. Ṣùgbọ́n inú ilẹ̀ ni aràn ti ń wá. Abo aràn ńlá kan, èyí tí ó gùn bí ekòló, lè yé tó ẹyin 200,000 lójúmọ́. Bí ọmọ bá yàgbẹ́ sí ẹ̀yìnkùlé, ẹyin wọ̀nyí a pò mọ́ erùpẹ̀, wọn a sì lè wà láàyè níbẹ̀ fún ọdún púpọ̀. Ọmọ mìíràn a fi ọwọ́ ṣeré nínú erùpẹ̀ náà, a sì fi ọwọ́ kan náà jẹ àkàrà. Ní ti aràn kékeré tí ń fi eyín há mọ́ ìfun, kò tilẹ̀ dúró de ẹnu: àtẹ́lẹsẹ̀ tí kò wọ bàtà ni ó ń gbà wọlé, ẹ̀jẹ̀ ni ó sì ń mu.

Ọmọ tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ dínkù báyìí a máa rẹ̀, a máa tòògbé, kì í lè fi ọkàn sí ìṣirò. Àwa a sì pè é ní ọ̀lẹ, a nawọ́ sí pàṣán. Pàṣán kò lé aràn jáde rí.

Àwọn onímọ̀ tí wọ́n yẹ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ wò ní Ilé-Ifẹ̀, tí ìròyìn wọn jáde ní 1989, bá aràn nínú èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn. Ní 2001, Àpéjọ Ìlera Àgbáyé pinnu pé kí ó kéré tán 75 nínú 100 ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ tí ewu yìí wà fún máa gba oògùn rẹ̀ déédéé. Oògùn náà kò wọ́n. Ẹyọ kan ni a ń gbé mì.

Ní ilé-ẹ̀kọ́ kan tí mo ti ṣe ìdánrawò, oògùn dé ní ọjọ́ Ẹtì, gbogbo ọmọ sì gbé e mì. Ṣálángá mẹ́rin ni ó wà níbẹ̀. Mẹ́ta ni a fi àgádágodo tì fún àwọn olùkọ́ àti àlejò, ẹyọ kan tí ó kù kò sì ṣe é wọ̀. Nítorí náà ẹ̀yìn ọgbà ni àwọn ọmọ ń lọ, níbi tí wọ́n ti ń gbá bọ́ọ̀lù láìwọ bàtà. Oògùn a máa lé aràn tí ó wà nínú. Kò dí ọ̀nà mọ́ èyí tí ń bọ̀.

Mo béèrè kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ ẹni tí ó ń tọ́jú rẹ̀. Ó ní àwọn ọmọ yóò ba ibẹ̀ jẹ́. Ó lè rí bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n a lè kọ́ ọmọ ní bí a ti ń lo ṣálángá, gẹ́gẹ́ bí a ti ń kọ́ ọ ní A, B, D. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá lẹ́yìn eré, omi nínú garawa, àti ọṣẹ dúdú: mo bẹ ẹ̀yin olùkọ́ wa pé kí ẹ jẹ́ kí a kọ ọ́ sínú ìwé ìmúrasílẹ̀ ẹ̀kọ́ wa ní sáà tí ń bọ̀, kí ẹ sì máa yẹ̀ ẹ́ wò pẹ̀lú ìṣirò àti ìwé kíkà.