Ta Ló Ra Tíkẹ́ẹ̀tì? Àríyànjiyàn Àwọn Ọmọ Ẹ̀yìn Ṣótìn ní Ṣọ́ọ̀bù Bàbá Télọ̀

Ẹni tó bá rò pé eré lásán ni bọ́ọ̀lù ní Ìbàdàn, kó wá jókòó sí ṣọ́ọ̀bù Bàbá Télọ̀ ní ọjọ́ tí Shooting Stars bá fìdí rẹmi. Ṣọ́ọ̀bù náà kò jìnnà sí pápá ìṣeré Lékan Sàlámì ní Adámásingbà. Lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀, ẹni tó gbé aṣọ wá, kó yáa gbé e sílẹ̀ kó máa lọ o, nítorí máṣíìnì kò ní í dún. Ẹnu ni yóò máa dún.

Oṣù kẹsàn-án ọdún 2017 ni ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀. Ṣótìn ti já kúrò ní líìgì àgbà. Ẹgbẹ́ mẹ́rin ló já lọ́dún náà: Shooting Stars, Remo Stars, ABS àti Gombe United. Ṣùgbọ́n ta ló ráyè tàwọn mẹ́ta yòókù? Ṣótìn tó gba ife ilẹ̀ Áfíríkà ní 1976, tó na Tonnerre ti Kamẹrúùnù, tó jẹ́ ẹgbẹ́ àkọ́kọ́ tó gba irú ife bẹ́ẹ̀ wá sí Nàìjíríà, òun ló fẹ́ lọ máa bá àwọn ẹgbẹ́ kéékèèké du pọ́ìntì yìí!

Bàbá Télọ̀ kò jẹun láti àárọ̀. Ó jókòó sábẹ́ fọ́tò àwọn ọmọ 1976 tó gé nínú ìwé ìròyìn, tó fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ mọ́ ògiri nígbà tí òun náà ṣì ń kọ́ṣẹ́: Ṣẹ́gun Ọdẹ́gbàmí, Mudá Láwàl, Sam Òjébọ̀dé, Best Ogedegbe. Fọ́tò náà ti pọ́n ràkọ̀, ṣùgbọ́n ta ni yóò sọ pé kí Bàbá yọ ọ́?

Awakọ̀ Micra kan ló kọ́kọ́ lanu. "Kóòṣì ni kí wọ́n lé, kò sí nǹkan míì."

"Kóòṣì mélòó lẹ fẹ́ lé?" Tíṣà tó ti fẹ̀yìntì ló dá a lóhùn. "Bí ẹ bá ń pààrọ̀ ẹni tó ń sebẹ̀ lójoojúmọ́, tí kò sí ẹran nínú ìkòkò, ṣé ọbẹ̀ á tìtorí ẹ̀ dùn? Ilé-ìwé ni kí wọ́n padà sí. Ṣebí ọmọ Póòlì Ìbàdàn ni Ọdẹ́gbàmí nígbà tó ń gbá bọ́ọ̀lù fún Ṣótìn. Ẹ lọ máa wo àwọn ọmọ ní pápá wọn, ẹ yéé ra àwọn tó ti gbó."

Ọmọ iṣẹ́ Bàbá, tó wọ ẹ̀wù Chelsea, rẹ́rìn-ín.

"Gbẹ́nu ẹ dákẹ́, ìwọ ará London!" Bàbá ti jágbe mọ́ ọn. Bàbá wá dìde dúró. Ó ní owó ló ba àwọn ọmọ ìsinsìnyí jẹ́. Ó ní ìfẹ́ ìlú làwọn ọmọ 1976 fi gbá a, ṣùgbọ́n tòní, wọn kò tíì wọ bàtà tí wọn yóò fi bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè owó oṣù. "Kí wọ́n lé gbogbo wọn! Kí wọ́n kó àwọn tí ebi bọ́ọ̀lù ń pa wá!"

Kò mọ̀ pé ẹnì kan ń gbọ́ lẹ́yìn kọ́tìnì. Ọmọ Bàbá ni, ẹni ọdún mẹ́tàlélógún, tó ń gbá bọ́ọ̀lù fún ẹgbẹ́ kékeré kan ní ìlú òkèèrè. Òru ìjẹta ló gbé báàgì wọlé, tó ní àwọn gba ìsinmi ni. Gbogbo àdúgbò ni Bàbá ti ròyìn ọmọ yìí fún. Ọmọ náà jáde, ó dọ̀bálẹ̀ kí àwọn àgbà, ó wá ní:

"Bàbá mi, ẹ má bínú. Oṣù méje ni wọn ò tíì sanwó fún wa. Àwa mẹ́rin là ń sùn nínú yàrá kan. Lọ́jọ́ tá a gbá bọ́ọ̀lù wa kẹ́yìn, gàrí la mu wọ mọ́tò. Ebi tẹ́ ẹ ń sọ yẹn, ó ń pa wá o. Ẹsẹ̀ ló kọ̀ tí ò sáré."

Ṣọ́ọ̀bù dákẹ́ lọ gbári. Bàbá mú síṣọ́ọ̀sì, ó tún gbé e sílẹ̀.

Ìyá Ẹlẹ́wà tó ń tajà lẹ́nu ọ̀nà ló já ìdákẹ́jẹ́ náà. "Ẹ̀yin ọkọ mi, ẹ jẹ́ n bi yín ní kiní kan. Ta ló ra tíkẹ́ẹ̀tì wọ pápá lọ́dún yìí nínú yín?"

Awakọ̀ ń wo ilẹ̀. Tíṣà wúkọ́, ó ní òun mọ ẹnì kan ní géètì. Ọmọ iṣẹ́ nìkan ló fọkàn balẹ̀ dáhùn: gbogbo ọjọ́ Sátidé lòun ń sanwó wo Chelsea. Bàbá ní 1996 lòun rà kẹ́yìn, ọdún tí Zamalek ti Íjíbítì fi pẹ̀nátì gba ife mọ́ Ṣótìn lọ́wọ́. Ọdún mọ́kànlélógún!

Owó géètì nìkan kò lè bọ́ ẹgbẹ́ o, kí a má tan ara ẹni jẹ. Mélòó ni tíkẹ́ẹ̀tì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ owó tí wọ́n fi ń kó àwọn ọmọ láti Ìbàdàn dé Kánò, tí wọ́n fi ń sùn, tí wọ́n fi ń jẹun? Ìjọba Ọ̀yọ́ ló ni Ṣótìn, ọ̀dọ̀ ìjọba ni owó ńlá ti ń wá. Ṣùgbọ́n ìbéèrè obìnrin yẹn kò kúrò lọ́kàn Bàbá.

Ọdún 2021 ni Ṣótìn padà sí líìgì àgbà, òun àti Remo Stars náà ni. Ìgbà tó di 2025, Remo Stars ti Ìkẹ́nnẹ́ gba líìgì, ni ariwo bá tún bẹ̀rẹ̀. Awakọ̀ ní ẹ ò rí i, ẹnì kan ṣoṣo, Kúnlé Ṣónàmẹ̀, ló ni Remo, kí ìjọba ta Ṣótìn fún olówó kíá. Bàbá ní ó dìgbà tóun bá kú. Bí olówó bá rà á tó gbé e lọ sí Èkó ńkọ́? Bó bá yí orúkọ ẹ̀ padà ńkọ́? Tíṣà rán an létí pé orúkọ náà ti yí padà rí: ó ti jẹ́ WNDC, ó ti jẹ́ IICC. Bàbá ní ìyẹn yàtọ̀. Kò sọ bó ṣe yàtọ̀.

Ọmọ Bàbá kò padà sí ẹgbẹ́ ìjọsí. Máṣíìnì kejì ló ń wà nísinsìnyí, láàárọ̀ ó ń kọ́ àwọn ọmọdé àdúgbò ní bọ́ọ̀lù. Ọjọ́ tí Ṣótìn bá ń gbá a nílé, tíkẹ́ẹ̀tì méjì ni Bàbá ń rà, tirẹ̀ àti tọmọ rẹ̀. Ìyá Ẹlẹ́wà kì í bá wọn lọ, ó ní ta ló máa bá òun tajà. Ṣùgbọ́n bí Bàbá bá wá gba ẹ̀wà àwìn lọ́jọ́ kejì, yóò ní kó kọ́kọ́ yọ tíkẹ́ẹ̀tì kóun rí i.